Eré Ọlọ́pàá Tí Ìyá Bukky Fòfin Dè

Bí ẹ bá wọ Festac tí ẹ ní ẹ ń wá ìyá kan tó mọ̀wé kọ, wọn ò ní béèrè orúkọ lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó júwe ilé Ìyá Bukky. Kì í ṣe ìwé ìtàn ló ń kọ o. Ìkọ̀wé ọwọ́ ni mò ń wí, irú èyí tí èèyàn máa rí tí á rò pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ á dúró ṣánṣán, ìlà rẹ̀ á tọ́ láìfi rúlà fà á. Gbogbo ìwé ẹ̀rí tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti fún àwọn ọmọ tí wọ́n yà sí mímọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, òun ló kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní nǹkan, á ní kí wọ́n gbé e padà, pé ó ní ìdí tí òun fi ń ṣe é. Kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí náà. Ta ló máa bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ wá ìjà?

Ọdún márùndínlógójì ni Ìyá Bukky fi ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì ní ipò ìnsípẹ́kítọ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló ra fúláàtì tí wọ́n ń gbé nígbà tí ìjọba ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa ra ilé tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Bàbá ti lọ sọ́run. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Bukky, ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan ní Island. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, nígbà tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán ló ń wọlé. Nítorí náà, ọwọ́ ìyá àgbà ni Ìmísí, ọmọ Bukky, ń dàgbà sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ìmísí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìbéèrè tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì ju eyín tó wà níbẹ̀ lọ.

Nílé ìwé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ọlọ́pàá fojú ẹ̀gbọ́n wọn rí, Ìmísí kì í gbà kó kan ti ilé tiwọn. Á ní, "Ti Grandma mi yàtọ̀. Grandma mi ò gba rìbá rí láyé wọn." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kò gbà á rí. Olùkọ́ kan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Ìyá Bukky níbi ìpàdé àwọn òbí, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń gbé e kiri nínú ọkàn bí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Gbogbo ìwé ìyìn tí wọ́n fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì kò dùn mọ́ ọn tó ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó pé ọjọ́ kan lè dé tí ọmọ náà kò ní lè sọ ọ́ mọ́.

Ibi tí wàhálà gbà wọlé ni eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Yàrá Kẹrin. Èkó níbí ni wọ́n ti ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n á tún un gbé jáde láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́pàá àti ọ̀daràn á máa lé ara wọn, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn, èébú á máa dà lẹ́nu wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí igun tẹlifíṣọ̀n pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ wò ó. Ohun tí wọ́n kọ yẹn ni àwọn ọmọ Festac fi ń mọ̀ pé eré náà máa dùn.

Ìyá Bukky ní kò yẹ kí Ìmísí wò ó. Bukky ní kí wọ́n jẹ́ kó wò ó.

"Mọ́mì, ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ ní Mile 2 lójoojúmọ́, kí lẹ rò pé kò tíì rí?" ni Bukky wí. "Ẹ jẹ́ kó wò ó nínú ilé, lójú àwa tá a lè explain fún un. Tẹ́ ẹ bá ní kó má wò ó, orí fóònù ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa ti wò ó."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Bukky! Kí ló fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe?"

"Ẹ̀yin náà ẹ jókòó tì í. Ṣebí ẹ̀yin lọlọ́pàá."

Ìyá Bukky rò ó títí, ó sì rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ó ní òun á jókòó tì í, òun á máa fi irọ́ inú eré náà hàn án, títí eré náà á fi sú ọmọ. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì kò lè jókòó síwájú eré ọlọ́pàá kó má sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá àwọn tó ṣe é.

Sátidé àkọ́kọ́, ó ní fìlà ọlọ́pàá inú eré náà kò jókòó dáadáa, pé tó bá jẹ́ nígbà tiwọn ni, ẹni náà ì bá ti jẹ̀yà lórí pápá. Sátidé kejì, wọ́n gé ìka ọkùnrin kan. Ìmísí fi tìmùtìmù bojú, àmọ́ ọ̀bẹ ni ìyá àgbà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyẹn? Ìyẹn ò lè gé àlùbọ́sà!" Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹta, òun gan-an ló ń pariwo pé aago mẹ́rin ti lù, kí Ìmísí jáde wá. Ó ti yan ẹ̀pà sílẹ̀. Ọmọ ń béèrè, ó ń dáhùn: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí, ẹni tó ń kọ́kọ́ kí ẹnì kejì láàárọ̀, ìdí tí ọlọ́pàá tó gbọ́n kì í fi í kẹ́yìn sílẹ̀kùn jókòó. Inú rẹ̀ ń dùn, kí n má parọ́ fún yín. Láti ìgbà tó ti bọ́ aṣọ ìjọba, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan nípa iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní Sátidé kẹrin, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú eré náà rárá, kò sí ìbọn. Wọ́n kàn mú ọmọkùnrin kan wọ yàrá tó ní tábìlì kan àti àga méjì. Ọlọ́pàábìnrin kan jókòó, ó mú bírò, ó ń kọ sítétímẹ́ǹtì ọmọ náà, ìyẹn ohun tó yẹ kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Obìnrin náà ń kọ ọ́ lọ ní tirẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára. Nígbà tó parí, ó yí ìwé náà sí ọmọ náà, ó fi ìka han ibi tó máa fọwọ́ sí.

Ẹ̀pà wà lẹ́nu Ìyá Bukky, kò rún un mọ́.

"Grandma, ìyẹn ńkọ́?" Ìmísí ti kọjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kó bú wọn. "Irọ́ nìyẹn náà, àbí? Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìyá Bukky mú rìmóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Eré yìí ò dáa fọ́mọdé," ló wí. "Ó ti tán. A ò wò ó mọ́ nínú ilé yìí."

"Ṣùgbọ́n Grandma, lọ́jọ́ tí wọ́n gé ìka èèyàn, ẹ̀rín lẹ̀ ń rín. Òní tẹ́nì kankan ò na ẹnì kankan..."

"Mo ní ó ti tán, Ìmísí."

Ọmọ yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo ojú ìyá àgbà, ó wò ó pẹ́, ó sì dìde wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá mọ́. Bí wọ́n bá jókòó sídìí oúnjẹ, á jẹun, á dúpẹ́, á kó abọ́. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú ọmọ oníbèéèrè á mọ̀ pé tó bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìyá Bukky kò rí ìgbàgbé yẹn gbà ní tirẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Sájẹ́ǹtì ni nígbà náà, Beatrice ni wọ́n ń pè é, ní téṣàn kan tí n kò ní dárúkọ. Nítorí ìkọ̀wé rẹ̀, òun ni ọ̀gá máa ń pè tí sítétímẹ́ǹtì bá máa dé iwájú adájọ́. Wọ́n mú ọmọ kan tó ń bá àwọn èèyàn gbé ẹrù ní ọjà Trade Fair. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọ náà ní òun kàn sùn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà ni, òun ò mọ ẹni tó fọ́ ọ. Ọ̀gá ní kí Sájẹ́ǹtì Beatrice kọ ọ́ pé ó mọ̀ wọ́n, pé òun ló ń bá wọn ṣọ́nà. Ó kọ ọ́. Ìyá ọmọ náà gbé káàdì ìrìbọmi rẹ̀ wá, ó nà án sí i láti òdìkejì káńtà. Beatrice gbà á, ó kà á lójú ọmọ náà: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀gá ní ọjọ́ orí yẹn máa da ẹjọ́ rú, kó kọ mọ́kàndínlógún. Ó kọ mọ́kàndínlógún. Ó dá káàdì náà padà fún ìyá ọmọ, ó ní àwọn ò nílò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n, gbogbo lẹ́tà dúró bó ṣe yẹ.

Ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà lò lẹ́wọ̀n, tí wọ́n ń sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú, kí adájọ́ kan tó ní kó máa lọ sílé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ ọ́ fún Beatrice bí ẹni sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà tó délé, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó sunkún, ó bọ́jú, ó sì jáde wá tẹ ẹ̀bà fún ọkọ rẹ̀. Kò sọ fún ọkọ. Kò sọ fún pásítọ̀. Kò sọ fún Bukky.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó pa tẹlifíṣọ̀n, Jùwọ́nlọ wá kí wọn nílé. Jùwọ́nlọ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ní ṣọ́ọ̀ṣì. Festac ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́mì, àwọn parents ló ń complain," ló wí. "Wọ́n ní àwọn ọmọ ò gbọ́ nǹkan míì mọ́ àfi Yàrá Kẹrin. A fẹ́ jọ sọ ọ́ ní Sunday, bóyá ó yẹ kí teenagers máa wò ó. Ta ló tún mọ̀ ọ́n tó yín? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó yẹ kó kọ̀. Ṣùgbọ́n Ìmísí wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń gbọ́. Bí òun bá kọ̀, ọmọ á tún fura sí i. Ó ní òun á wá.

Ojú ìwé mẹ́rin ló kọ. Lọ́jọ́ Àìkú, Bukky lọ síbi ìsìn àwọn àgbà nísàlẹ̀, Ìyá Bukky gòkè lọ bá àwọn ọ̀dọ́langba. Wọ́n tó bí i ogójì, àwọn òbí bí i mélòó kan sì dúró sẹ́yìn. Ìmísí jókòó sí ìlà kejì. Ìyá Bukky ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wọn létí. Ó ní ohun tójú bá ń rí lójoojúmọ́, ọkàn kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ó ní ọmọ tó bá ti ń gbọ́ èébú nínú eré, kò ní pẹ́ tí ẹnu òun náà á fi mọ̀ ọ́n. Ó ní wọn ò tíì dàgbà tó láti wọ irú àwọn yàrá bẹ́ẹ̀, kódà nínú eré. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe irọ́ o. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí gan-an, bí mo bá ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nílé, mélòó ni mo máa jẹ́ kó wò nínú wọn? Àmọ́ ọ̀rọ̀ lè jẹ́ òótọ́ kí ẹni tó ń sọ ọ́ máa fi sá pamọ́.

Jùwọ́nlọ ní ta ló ní ìbéèrè. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀olúwa nawọ́.

"Mà, episode tí ọlọ́pàá yẹn kọ sítétímẹ́ǹtì tí ọmọ yẹn ò sọ... ṣé ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?"

Kí Ìyá Bukky tó la ẹnu, Ìmísí ti dìde.

"Rárá," ló wí. "Kì í ṣẹlẹ̀. Grandma ti sọ fún mi. Wọ́n kàn ń fi ṣeré ni."

Ó sọ ọ́ ketekete, kò ṣe bí ẹni tó ń parọ́. Ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹnikẹ́ni, kò sì wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà rí. Ọmọ ti mọ̀. Láti ọjọ́ tí òun ti pa tẹlifíṣọ̀n ló ti mọ̀, ó sì ti wá jókòó síbí láti bo òun láṣìírí. Ó ti kọ sítétímẹ́ǹtì sílẹ̀ fún òun, ó ku kí òun fọwọ́ sí i. Bí òun bá kàn mi orí báyìí, gbogbo rẹ̀ á parí, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì jọ lọ sílé lọ jẹ ìrẹsì. Òun tó ń sọ pé eré máa kọ́ ọmọ ní ìwàkiwà, òun nìyí tó ti kọ́ ọ nínú ilé, láìfọhùn, lọ́sẹ̀ méjì péré.

"Jókòó, Ìmísí," ló wí. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ."

Ó ká ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi wọ́n sórí àga.

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Èmi alára ti kọ ọ́ rí." Jùwọ́nlọ ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ Ìyá Bukky gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá ẹ̀ mú káàdì ìrìbọmi ẹ̀ wá, mo sì kà á. Mo kọ mọ́kàndínlógún. Mo tún kọ ọ́ pé ó jẹ́wọ́, kò sì jẹ́wọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni, àmọ́ ọwọ́ mi ni. Ọdún mẹ́fà ló lò lẹ́wọ̀n." Ó yíjú sí àwọn ọmọ tó wà níwájú. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ fún yín pé ẹ ti kéré jù láti wo yàrá yẹn. Òun náà kéré. Èmi ni mo sọ ọ́ di àgbà kó lè wọ ibẹ̀."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Òbí kan lẹ́yìn ní, "Kí ló dé tí wọ́n ń sọ irú èyí fọ́mọ ọlọ́mọ?" Ayọ̀olúwa, tó béèrè ọ̀rọ̀, ń wo bàtà rẹ̀. Ìmísí mú báàgì rẹ̀, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde.

Ìyá Bukky bá a lẹ́nu géètì. Ìmísí kò dúró de ìyá àgbà, kò sì sáré. Ó ṣáà ń lọ níwájú, ìyá àgbà ń tẹ̀ lé e nínú oòrùn pẹ̀lú bàtà ọjọ́ Àìkú tó ń há a lẹ́sẹ̀. Wọ́n kọjá ilé mẹ́ta, mẹ́rin. Kò dùn ún pé àwọn èèyàn gbọ́. Ẹ̀yìn ọmọ náà tó ń wò ló ń dùn ún.

"Kí ló ń jẹ́?" Ìmísí kò wẹ̀yìn.

"Ọbáfẹ́mi."

"Ṣó mọ̀ pẹ́ ẹ mọ ọjọ́ orí òun?"

"Ojú ẹ̀ ni mo ṣe ka káàdì náà."

Ìmísí tún rìn díẹ̀.

"Ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́?"

"Rárá."

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

"Rárá, ọmọ mi."

"Ibo ni wọ́n ń gbé?"

Wàyí o, ó lè ní òun ò mọ̀. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ àdírẹ́sì sórí sítétímẹ́ǹtì, òun ló sì kọ ọ́.

"Ijegun-Ẹ̀gbá," ló wí. "Bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀, mi ò mọ̀."

Ìmísí dúró. Ó yíjú padà nígbà yìí, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì nu omi tó wà níbẹ̀.

"Ijegun-Ẹ̀gbá? Ijegun-Ẹ̀gbá tó wà níbí yìí?"

"Òun náà ni."

"Festac lẹ ti ń gbé látìgbà yẹn."

"Festac ni mò ń gbé."

Ọmọ náà kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó bọ́ sétí títì, ó nawọ́ sí kèké kan tó ń bọ̀, kèké náà dúró.

"Ìmísí, ọjọ́ Sunday nìyí. Tí wọ́n bá lé wa jáde ńkọ́?"

"Kí wọ́n lé wa," ni Ìmísí wí. "Ẹ wọlé, mà."

Mà ló pè é, kò pè é ní Grandma. Ìyá Bukky gbọ́ ọ, ó dùn ún dé egungun, ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọlé. Ìmísí jókòó tì í.

"Bọ̀dá, drop ni. Ijegun-Ẹ̀gbá."

"Ibo ní Ijegun?" ni ọlọ́kèké béèrè.

Ìmísí yíjú sí ìyá àgbà, ó ń retí. Ìyá Bukky sì sọ orúkọ àdúgbò náà àti nọ́ńbà ilé, láìṣi ẹyọ kan.